Iṣẹ́ etí ni kó tó di iṣẹ́ ẹnu: bí o ṣe lè pinnu láti ka Mass Communication

Bí àwọn àgbà bá ti rí ọmọ tí ẹnu rẹ̀ mú, tí kì í tijú láàrin èrò, tí wọ́n sì máa ń fún ní gbohùngbohùn nígbà ayẹyẹ iléèwé, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Ọmọ yìí á di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀." Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń darí rẹ̀ sí Mass Communication, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìròyìn, rédíò, tẹlifíṣàn àti ìpolówó. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé Òfin ni wọ́n fẹ́ kà, máàkì wọn kò gbé e, iléèwé wá fún wọn ní Mass Comm dípò rẹ̀. Lójú tèmi, kò sí èyí tó tó fi ọdún mẹ́rin lé lórí nínú méjèèjì. Ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí kó yanjú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń gbọ́, bí a ṣe ń béèrè, àti bí a ṣe ń kọ ohun tí a gbọ́ sílẹ̀. Ẹnu ló ń gbẹ̀yìn.

Ìwọ tó wà ní SS2 tàbí SS3, àti ìwọ tó ń múra JAMB ọdún tó ń bọ̀, ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ tiyín wà nísàlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: fi ọ̀sẹ̀ méjì dán ara rẹ wò

Má wulẹ̀ máa bi àwọn ènìyàn bóyá ẹ̀kọ́ yìí bá ọ mu. Ṣe iṣẹ́ náà ní kékeré, wàá rí ìdáhùn fúnra rẹ. Fóònù kan àti ìwé kékeré kan ti tó.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, gbọ́ ìròyìn Yorùbá lórí rédíò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó bá ti parí, kọ èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ sílẹ̀ ní gbólóhùn márùn-ún: ta ni, kí ló ṣẹlẹ̀, níbo, nígbà wo, kí ló fà á. Kọ ọ́ ní Yorùbá, kí o sì tún un kọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ka ohun tí o kọ fún ẹnì kan nínú ilé tí kò gbọ́ ìròyìn náà. Bó bá ní láti bi ọ́ léèrè nǹkan kan kí ọ̀rọ̀ tó yé e, ó ti kù síbì kan nìyẹn, padà lọ tún un kọ.

Lẹ́yìn náà, lọ sí ọjà. Bi ìyá aláta mẹ́ta léèrè ohun tó jẹ́ kí ata wọ́n tó báyìí. Ìdáhùn wọn lè má dọ́gba rárá. Ọ̀kan lè ní owó epo ọkọ̀ ló fà á, èkejì lè ní ọ̀nà Òkè Ọya ti bàjẹ́, kí ẹ̀kẹta ní àwọn alágbàtà ló ń há a mọ́ra. Ta ló sọ òótọ́ nínú wọn? Ta ló tún kù tó yẹ kí o bi? Bí ìbéèrè yìí bá ń jà rànyìn lọ́kàn rẹ títí tí o fi padà sí ọjà lọ́jọ́ kejì láti lọ wá awakọ̀ tó kó ata náà wá, akọ̀ròyìn ń bẹ nínú rẹ. Bó bá jẹ́ pé bí ọjà ṣe rí lójú kámẹ́rà ló gba ọkàn rẹ jù, ìyẹn náà dára. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fíìmù tàbí tẹlifíṣàn ni ọ̀nà tìrẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wá oníṣòwò kékeré kan ládùúgbò, bíi télọ̀, onídìrí tàbí ẹni tó ń ta ẹja yíyan. Bá a kọ ìpolówó tó máa gbé sórí WhatsApp fún ọjọ́ márùn-ún. Kí o tó kọ ọ̀rọ̀ kan, jókòó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí o gbọ́ ohun tí àwọn oníbàárà ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Kí o wá ka iye àwọn tó pè é tàbí tó yà wá nítorí ìpolówó náà. Nígbẹ̀yìn, gba ohùn ara rẹ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí o máa ka ìròyìn tí o kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ohùn rẹ kò ní dùn mọ́ ọ nígbà àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ló ń rí fún gbogbo ènìyàn. Ohùn ṣeé tọ́.

Èyí tí kò ṣeé tọ́ bọ̀rọ̀ ni kí ìwé kíkà máa sú ènìyàn. Mi ò ní fi igbá kan bọ̀kan nínú fún ọ: bó o bá rí i láàrin ọ̀sẹ̀ méjì yìí pé kíkà àti kíkọ ni ìyà rẹ, má yan ẹ̀kọ́ yìí, bó ti wù kí ẹnu rẹ dùn tó.

Ìgbésẹ̀ kejì: mọ èyí tí ò ń yàn nínú rẹ̀

Tẹ́lẹ̀, orúkọ kan ṣoṣo ni, Mass Communication, inú rẹ̀ sì ni gbogbo nǹkan wà. Àjọ NUC tó ń mójú tó àwọn yunifásítì ti pín in sí méje báyìí: Journalism and Media Studies, Broadcasting, Public Relations, Advertising, Film and Multimedia Studies, Development Communication Studies, àti Information and Media Studies. Àwọn iléèwé kan ti pín tiwọn, àwọn mìíràn sì ṣì ń pè é ní Mass Communication bíi ti àtẹ̀yìnwá. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni àwọn yunifásítì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí wọ́n ń pè ní CCMAS. Nínú rẹ̀, NUC ló ń pinnu ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n máa kọ́ ọ, iléèwé ló ń pinnu ìdá 30 tó kù. Ìdí nìyẹn tí orúkọ ẹ̀kọ́ fi lè jọra ní iléèwé méjì kí ohun tó wà nínú rẹ̀ má jọra délẹ̀.

Iṣẹ́ ìròyìn ni èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ilẹ̀ wa ni ó sì ti ṣẹ̀ ní Nàìjíríà: Abẹ́òkúta ni Henry Townsend ti dá *Ìwé Ìròyìn fún àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá* sílẹ̀ ní ọdún 1859, ní èdè Yorùbá. Ìdúró púpọ̀ ló wà nínú iṣẹ́ yìí: ìdúró ní kóòtù, ìdúró ní àgọ́ ọlọ́pàá, ìdúró de ẹni tó ní òun máa pè ọ́ padà. Ẹni tí kò ní sùúrù kò lè ṣe é pẹ́.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ àti gbogbo iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn wà lábẹ́ Broadcasting. Ìbàdàn ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ojú Aníkẹ́ Agbájé-Williams sì ni àwọn òǹwòran kọ́kọ́ rí. Ohun kan wà tí àwọn ọmọ kì í mọ̀ àyàfi bí wọ́n bá ti débẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ò ń gbọ́ ohùn wọn lórí rédíò Yorùbá kì í ṣe òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ náà. Aládàáni ni wọ́n. Wọ́n ń ra àkókò lọ́wọ́ iléeṣẹ́ rédíò, wọ́n ń wá onígbọ̀wọ́ àti olùpolówó fúnra wọn, èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá san owó àkókò ni èrè wọn. Wọ́n tilẹ̀ ní ẹgbẹ́ tiwọn, FIBAN. Bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá wù ọ́, mọ̀ pé òwò ló tún wà nínú rẹ̀, kí o sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń wá owó ìpolówó kí o tó jáde iléèwé.

Public Relations ni iṣẹ́ alukoro. Alukoro ọlọ́pàá, alukoro bánkì, alukoro gómìnà, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń sọ ohun tí iléeṣẹ́ ń ṣe fún aráàlú, wọ́n sì tún ń sọ ohun tí aráàlú ń rò fún ọ̀gá wọn nínú ilé. Ìdajì kejì yìí ló le jù, nítorí àwọn ọ̀gá kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Advertising ni ti ìpolówó ọjà, níbi tí ẹni tó mọ èdè dáadáa ti lè rí ọwọ́ mú gan-an. Orin ìpolówó tí àwọn ọmọdé ń kọ láti ẹnu, ẹnì kan ló jókòó tó kọ ọ́, wọ́n sì sanwó fún un. Film and Multimedia kò nílò àlàyé púpọ̀ fún ẹni tó dàgbà sínú fíìmù Yorùbá.

Èyí tí mo fẹ́ kí o fi ara balẹ̀ wò ni Development Communication, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í kà á sí. Ní ọdún 2003, ìjọba Kano dá àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró nítorí àhesọ pé wọ́n ti fi nǹkan sínú rẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí àwọn obìnrin bímọ. Àjẹsára wà, dókítà wà. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni kò sí. Àìsàn náà tàn láti ibẹ̀ dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọba ilẹ̀ Hausa, àwọn àlùfáà àti àwọn obìnrin tó ń lọ láti ilé dé ilé fi bá àwọn òbí sọ̀rọ̀, kó tó di pé wọ́n kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 pé kòkòrò rọpárọsẹ̀ àdánidá kò sí ní Áfíríkà mọ́. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Development Communication ń kọ́ni: bí a ṣe ń mọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn ènìyàn kí a tó bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ìlera, iṣẹ́ àgbẹ̀, omi tàbí ìdìbò. Àwọn àjọ tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìlera àti ìdàgbàsókè ìlú ń wá irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Etí ni olórí irinṣẹ́ wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: yan iléèwé, má yan orúkọ iléèwé

Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí ní orílẹ̀-èdè wa, ní 1961. Lónìí, ó wà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá: UNILAG, LASU, Olabisi Onabanjo, Babcock ní Ìlíṣàn, Covenant ní Ọ̀tà, Bowen ní Ìwó. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Communication and Language Arts ni wọ́n ń pè é, B.A. ni wọ́n sì ń fún ọ. Ó fi ara kọ́ èdè, ìwé kíkà àti ìwé kíkọ ju ti àwọn iléèwé mìíràn lọ, èyí sì ni mo fẹ́ràn nípa rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe náà wà, bíi The Polytechnic Ìbàdàn àti MAPOLY ní Abẹ́òkúta, níbi tí wàá ti lo ọdún méjì fún ND kí o tó lọ ṣe IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ níléeṣẹ́, kí o tún lo méjì fún HND. Nigerian Institute of Journalism wà ní Ògbà l'Ékòó. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ lè wo NOUN, yunifásítì tí ènìyàn ti lè kàwé láti ilé.

Kí o tó pinnu, lọ síbẹ̀. Bí o kò bá lè lọ, wá ẹni tó wà ní ọdún kẹta níbẹ̀, kí o sì bi í ní ìbéèrè tó ṣe gúnmọ́. Ṣé iléèwé ní rédíò tirẹ̀, ṣé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, àbí àwọn òṣìṣẹ́ nìkan ni? UNILAG ní 103.1, Ìbàdàn ní Diamond FM 101.1, LASU ní 95.7, ṣùgbọ́n kí rédíò wà lọ́tọ̀, kí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó o lọ́tọ̀. Kámẹ́rà mélòó ló ń ṣiṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló ń pín in lò? Olùkọ́ wo ló ti ṣe iṣẹ́ yìí rí níta? Ṣé NUC fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà, tàbí NBTE bó bá jẹ́ gbogboǹṣe? Wo ìyẹn lórí ìkànnì àjọ náà fúnra rẹ.

Àwọn akọ̀ròyìn akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́? Ní Ìbàdàn, ẹgbẹ́ wọn lágbára, àwọn tó ń ka ìmọ̀ ìṣègùn àti òfin sì wà nínú wọn. Èyí gan-an ló yẹ kó jẹ́ kí o mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀ka kan ṣoṣo ló ń bí akọ̀ròyìn. Dele Giwa, gbajúmọ̀ akọ̀ròyìn, ka Gẹ̀ẹ́sì ní Brooklyn College. Theatre Arts ni Reuben Abati kà ní Calabar kó tó di gbajúmọ̀ nínú iṣẹ́ ìròyìn, kó sì tó di agbẹnusọ ààrẹ. Bí èdè Yorùbá, ìtàn tàbí ètò ọrọ̀ ajé bá wù ọ́ ju Mass Comm lọ, kà á. Ilẹ̀kùn iṣẹ́ ìròyìn kò tì mọ́ ọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: WAEC àti JAMB

Kírẹ́dìtì márùn-ún ni yunifásítì ń béèrè, Gẹ̀ẹ́sì sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú Literature àti Ìṣirò, nítorí iléèwé tó ń béèrè wọn kò ní gbọ́ àwáwí. Ní JAMB, ẹ̀kọ́ mẹ́rin lo máa ṣe, 400 sì ni àpapọ̀ máàkì. Gẹ̀ẹ́sì ní ìbéèrè 60, àwọn mẹ́ta tó kù ní 40 lọ́kọ̀ọ̀kan. Literature, Government àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ni ọ̀pọ̀ ń fi kún un, àmọ́ ohun tí iléèwé kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ yàtọ̀. Ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB lórí ìkànnì wọn ni kí o wò kí o tó forúkọ sílẹ̀. Má gbára lé ohun tí ẹni tó ń fi orúkọ sílẹ̀ fún ọ ní káfè bá sọ. Iléèwé tó wù ọ́ jù ni kó wà ní ipò kìn-ín-ní, nítorí àwọn yunifásítì ńlá kì í sábà wo ẹni tó fi wọ́n sí ipò kejì.

Bí o bá ní ND tó dára, tàbí èsì JUPEB tàbí IJMB, àwọn ètò ẹ̀kọ́ tó ń múra ọmọ sílẹ̀ fún yunifásítì, o lè gba Direct Entry wọ ọdún kejì.

Gba Yorùbá ní WAEC, kí o sì mọ̀ ọ́n kọ pẹ̀lú àmì ohùn. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí lò ń fi ìyẹn ṣe. Wo Aláròyé, wo BBC Yorùbá tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, wo gbogbo rédíò tó ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ láti Ìlọrin dé Èkó, kí o sì gbọ́ bí èdè ṣe ń dàrú lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń gbà síbẹ̀. Ẹni tó lè túmọ̀ ìwé ìjọba, kó kọ ìpolówó, kó sì ka ìròyìn ní Yorùbá tó já gaara kò pọ̀. Wà lára wọn.

Ẹ̀yin òbí

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún ọmọ pé "akọ̀ròyìn kì í lówó," kí ẹ sì dákẹ́ síbẹ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìròyìn kì í san owó gidi, àwọn mìíràn sì ń jẹ òṣìṣẹ́ lówó oṣù. Àmọ́ alukoro bánkì, ẹni tó ń bá iléeṣẹ́ kọ ìpolówó, àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìlanilọ́yẹ̀ fún àjọ ìlera, iléèwé kan náà ni wọ́n ti jáde. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ yín èyí tó fẹ́ ṣe nínú wọn, kí ẹ sì ní kó fi ohun tó kọ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì yẹn hàn yín. Bí kò bá rí nǹkan kan fi hàn, ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó kàn. Bó bá fi hàn yín, ẹ kà á.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí o bá ti wọlé

Ìwé ẹ̀rí nìkan kò ní gbà ọ́ síṣẹ́. Ohun tí olóòtú tàbí ọ̀gá iléeṣẹ́ máa béèrè ni pé, "Kí lo ti ṣe?" Láti ọdún kìn-ín-ní ni kí o ti máa kó iṣẹ́ jọ: ìròyìn tí o kọ, ohùn tí o gbà, fídíò tí o gé, ìpolówó tí o kọ fún ẹnì kan. Tọ́jú gbogbo rẹ̀ sójú kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fóònù rẹ lè gé fídíò pẹ̀lú CapCut, kọ̀ǹpútà sì lè gé ohùn pẹ̀lú Audacity lọ́fẹ̀ẹ́. Gboard, kíbọ́ọ̀dù orí fóònù, ní bọ́tìnì Yorùbá fún àmì ohùn.

Yan ohun kan tí wàá mọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ sísọ. Ètò ọrọ̀ ajé, ìlera, iṣẹ́ àgbẹ̀, òfin, eré ìdárayá. Akọ̀ròyìn tó lè ka ìwé ìṣirò owó ìjọba ìbílẹ̀ kó sì rí ibi tí owó ti sọnù níye lórí ju mẹ́wàá tó mọ gbólóhùn dídùn lọ.

Nígbà IT, sá fún ibi tí wọ́n ti máa fi ọ́ ṣe ẹni tó ń ra oúnjẹ. Iléeṣẹ́ rédíò kékeré tí òṣìṣẹ́ kò pọ̀ sí sàn fún ọ ju tẹlifíṣàn ńlá lọ, nítorí wọ́n á ní láti fún ọ níṣẹ́. Kọ lẹ́tà rẹ ní oṣù méjì ṣáájú, fi iṣẹ́ rẹ méjì sínú rẹ̀, kí o sì tún lọ síbẹ̀ fúnra rẹ. Nígbà tó o bá di àgùnbánirọ̀, bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi ọ́ sí ibi ìròyìn tàbí ọ́fíìsì alukoro.

Òfin àti ègúnjẹ

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ alukoro ní láti darapọ̀ mọ́ NIPR, ẹgbẹ́ àwọn alukoro, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìpolówó ní láti mọ òfin ARCON, àjọ tó ń mójú tó ìpolówó, ti ọdún 2022. Akọ̀ròyìn ní láti mọ òfin ìbanilórúkọjẹ́, kó sì mọ Cybercrimes Act ti 2015, òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ti fi mú ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn, tí wọ́n sì tún un ṣe ní 2024.

Ọ̀rọ̀ ègúnjẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n á fún ọ ní àpòòwé lẹ́yìn ìpàdé oníròyìn, wọ́n á ní owó ọkọ̀ ni. Pinnu ohun tí wàá ṣe kí ọjọ́ náà tó dé, nítorí ẹni tí ebi ń pa kì í lè ronú rẹ̀ ní ojúkojú. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o ní iṣẹ́ ọwọ́ kan tó ń mú owó wá láti ìgbà tó o wà níléèwé, bíi kíkọ ìpolówó, ìtumọ̀ èdè tàbí gígé fídíò, kí ó má baà jẹ́ pé àpòòwé yẹn lo máa fi jẹun.

Bí o bá ti wọlé tí kò bá ọ mu

Máa fojú sílẹ̀ ní ọdún kìn-ín-ní. Bó bá jẹ́ pé Òfin tàbí ẹ̀kọ́ mìíràn lo ṣì fẹ́, ìparí ọdún kìn-ín-ní ni ọ̀pọ̀ iléèwé ń gba fọ́ọ̀mù ìyípadà ẹ̀kọ́, wọ́n sì máa ń wo CGPA, ìyẹn àpapọ̀ èsì rẹ, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Lọ béèrè lọ́wọ́ olùdámọ̀ràn ẹ̀ka rẹ ní sẹ́mẹ́sítà kìn-ín-ní nípa máàkì tí ẹ̀ka tí o fẹ́ lọ ń béèrè, àti bóyá WAEC rẹ bá ohun tí wọ́n fẹ́ mu. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ka kan nínú méje yẹn ni kò bá ọ mu, tí èkejì sì wù ọ́, lọ bá olórí ẹ̀ka méjèèjì kí ọdún kejì tó bẹ̀rẹ̀. Mú ohun tí o ti kọ dání nígbà tó o bá ń lọ.